Tọ́ọ̀ṣì onírin tí mo fẹ́ sọ di fépù: ṣé bátìrì láptọ́ọ̀pù lè gbé e? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ìgbọ́nà
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Fóònù ni mò ń tún ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ìgbọ́nà ní Òṣogbo níbí, torí náà waya àti lẹ́ẹ̀dì tí a fi ń jó o pọ̀ ò ṣe àjèjì sí mi. Mo fẹ́ jáwọ́ nínú sìgá, kí n máa fa fépù dípò rẹ̀, ìyẹn sìgá oníbátìrì tó ń sọ oje di èéfín. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti Èkó dé fún mi ní orí fépù, ibi tí wọ́n ń bu oje sí, tí kọ́ìlì, waya tó ń gbóná, wà nínú rẹ̀. Kò fún mi ní ìdí rẹ̀ tó ń gbé bátìrì. Mo lọ béèrè iye tí wọ́n ń ta ìdí náà ní Ọláìyá. Nígbà tí wọ́n dárúkọ owó, mo dúpẹ́, mo bá tèmi lọ.

Mo wá ní tọ́ọ̀ṣì onírin kan nílé, èyí tó ń lo bátìrì gbọ̀ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní 18650. LED rẹ̀, gílóòbù kékeré tó ń tànmọ́lẹ̀, ti kú. Ohun tí mo rò ni pé kí n yọ orí tọ́ọ̀ṣì kúrò, kí n de orí fépù mọ́ ibẹ̀, kí n máa fi súwíìṣì ìdí tọ́ọ̀ṣì tàn án. Bátìrì ò wọ́n mi, mo tú wọn rẹpẹtẹ nínú láptọ́ọ̀pù tó ti kọndẹ́mù. Mo fi mítà wọ̀n wọ́n, wọ́n ń gbé 3.9, òmíràn 4.0 volt. Kọ́ìlì inú orí yẹn, 0.2 ohm (ìwọ̀n bó ṣe ń dí iná lọ́nà) ni wọ́n kọ sí i lára. Ṣé á ṣiṣẹ́? Ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀ rí kó jọ̀ọ́ dá sí i.

Dúdú Ayétòrò
Ẹ̀gbọ́n, tó bá ṣiṣẹ́ ẹ bá mi ṣe tèmi náà o 😂

Ìyá Ìbejì
Kí ló ń jẹ́ fépù? Ṣé nǹkan tí àwọn ọmọ yunifásítì ń fà, tó máa ń ta sánsán bíi súìtì yẹn ni? Kí ni sìgá ò ṣe tó tí ẹ tún fi ń wá àbúrò rẹ̀ kún un?

Bàbá Sólà
Ọmọ Ìgbọ́nà, o kú iṣẹ́. Á ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti burú, torí tí kò bá ṣiṣẹ́ rárá, wàá jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Volt tí o wọ̀n yẹn, má fi ọkàn tán an. Bátìrì tó ti gbó lè gbé 4 volt lójú mítà níwọ̀n ìgbà tí nǹkan kan ò bá tíì máa fa iná lára rẹ̀. Amp, ìyẹn bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó, ni kó o wádìí. Tí bátìrì yẹn bá kún, 4.2 volt ni. Fi 0.2 ohm pín in: 21 amp. Bátìrì láptọ́ọ̀pù, wọ́n ṣe é kó máa tú iná sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí mélòó kan ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, 4 tàbí 5 amp ni agbára wọn mọ, nígbà tí wọ́n ṣì wà ní tuntun nìyẹn o. Ìwọ fẹ́ fa ìlọ́po mẹ́rin ẹ̀ lára bátìrì tí ẹnikẹ́ni ò mọ ọdún tó ti lò lẹ́nu iṣẹ́.

Ó tún ku tọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀. Yọ ìdí rẹ̀, kó o wo sípíríǹgì yẹn bó ṣe tín-ín-rín. LED inú irú tọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ kì í sábà fà ju 1 sí 3 amp lọ, òun ni wọ́n sì wọ̀n sípíríǹgì àti súwíìṣì fún. Tí 21 amp bá ń gba ibẹ̀ kọjá, sípíríǹgì á gbóná, á rọ̀, ike súwíìṣì á yọ́. Bọ́tìnnì fépù gidi, tó o bá ti gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀, ó kú nìyẹn. Súwíìṣì tọ́ọ̀ṣì ò rí bẹ́ẹ̀: o tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ti tàn, ó di ìgbà tó o bá tún un tẹ̀ kó tó kú. Ká ní o fi í sínú àpò ṣòkòtò, o gun ọ̀kadà, àpò tẹ súwíìṣì láàárín ọ̀nà. Kọ́ìlì á máa jó nínú àpò ẹ títí tí o fi máa mọ̀.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù, mo fi í sẹ́yìn. Ẹnu tọ́ọ̀ṣì yẹn ní rọ́bà róbótó tí wọ́n fi ń dí omi òjò. Bátìrì lithium tó bá gbóná kọjá ààlà á bẹ̀rẹ̀ sí í tú gáàsì jáde lórí, gáàsì gbígbóná tó lè gbiná. Nǹkan tí wọ́n bá ṣe fún fépù máa ń ní ihò tí gáàsì yẹn á gbà sá jáde. Tọ́ọ̀ṣì ò ní. Ìbọn ṣakabùlà lo fẹ́ gbé sẹ́nu yẹn: bátìrì ni ẹ̀tù, orí fépù ni ọta, ìwọ lo sì kọjú sí ẹnu ìbọn.

Kì í ṣe pé mo ń dẹ́rù bà ọ́ lásán. Ní 2018, fépù tó bú gbàmù pa ọkùnrin kan ní Florida l'Amẹ́ríkà. Ní 2019 ó tún pa òmíràn ní Texas. Àjọ panápaná ìjọba àpapọ̀ wọn kó ìròyìn iná àti ìbúgbàmù fépù jọ láti 2009 sí òpin 2016, wọ́n rí 195.

Dúdú Ayétòrò
Mo ti yọ orúkọ mi kúrò nínú àwọn tó fẹ́ ṣe 🏃

Ọmọ Ìgbọ́nà
Bàbá, ẹ ṣé, ẹ ò ní gbọ́ ìbànújẹ́. Ẹ jẹ́ n bi yín síwájú sí i. Tí mo bá wá lu ihò méjì mẹ́ta sí ìdí tọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Mo sì lè pààrọ̀ kọ́ìlì sí 1 ohm, tí 4.2 amp péré á fi máa fà. Mo tún lè pààrọ̀ sípíríǹgì.

Bàbá Sólà
Ìṣirò ẹ pé, orí ẹ ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n dá ìdí orí fépù yẹn kọjú sókè, kó o wò ó. Irin kékeré kan wà láàárín, pọ́sítíìfù nìyẹn. Irin ńlá tó yí i ká ni nẹ́gẹ́tíìfù. Ó yá, mú ọ̀kan nínú àwọn bátìrì láptọ́ọ̀pù ẹ. Orí rẹ̀ pẹlẹbẹ ni, kò ní ọmú. Gbogbo ara agolo rẹ̀, títí dé etí tó yí orí ká, nẹ́gẹ́tíìfù ni. Ohun tó ya etí yẹn sọ́tọ̀ kúrò lára pọ́sítíìfù àárín ò ju ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan àti bébà róbótó lọ. Tí irin àárín orí fépù ò bá yọ síta dáadáa, tí o wá fún un mọ́ bátìrì, irin ńlá yẹn á jókòó lé etí bátìrì. Ó bíríìjì nìyẹn, iná ti gba ọ̀nà àbùjá. Iná ò ní gba inú kọ́ìlì mọ́, torí náà o lè fi 1 ohm sí i, o lè fi 10 ohm sí i, bákan náà ni.

Ìgbà tó o sì fi píláyà fa àwọn bátìrì yẹn yọ lára irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi so wọ́n pọ̀, ṣé ọ̀rá etí wọn ò ya? Gbé wọn sábẹ́ iná kó o yẹ̀ wọ́n wò. Tèmi, èyí tí ọ̀rá ẹ̀ bá ti ha díẹ̀, n kì í fi ṣe pawabáǹkì fún ẹnikẹ́ni, kí n tó wá gbé e sẹ́nu.

Owó tí wọ́n dá lé e ní Ọláìyá tó o fi sá yẹn, bọ́ọ̀dù inú ẹ̀ lò ń sanwó fún. Òun ló ń wò ó bóyá ó ti bíríìjì kó tó jẹ́ kí iná lọ, òun náà ló ń pa á tí bátìrì bá ti lọ sílẹ̀ jù. Irin àti súwíìṣì lásán ò mọ ìyẹn ṣe.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òkè-Báálẹ̀
Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Ìgbọ́nà, ẹ kúkú ra bátìrì tuntun. Mo rí èyí tí wọ́n kọ 9900 mAh (iye iná tó lè gbà sínú) sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó ẹ̀ ò tó nǹkan. Ẹ lè ra méjì kẹ́ ẹ tò wọ́n léra kó lágbára sí i.

Tọ́kẹ́ Aláṣọ Fóònù
Haa, àbúrò, rọra. Kò sí 9900 nínú ìwọ̀n yẹn. Nọ́ḿbà 18650 yẹn, milimítà 18 ni fífẹ̀ rẹ̀, 65 ni gígùn rẹ̀. Nínú ohun tó kéré báyìí, ojúlówó tí à ń rà ní ọjà, bíi 3500 ló máa ń dé. Ẹni tó bá kọ 9900 sí i lára ti purọ́ kó tó gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹ, kí lo wá fẹ́ gbà gbọ́ nínú amp tó kọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀?

Mo ń ta àwọn nǹkan wọ̀nyí. Bí mo ṣe ń yẹ̀ wọ́n wò ni pé mo máa ń gbé wọn lọ sórí òṣùwọ̀n alágbẹ̀dẹ wúrà ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Ojúlówó máa ń wọ̀n tó gíráàmù 45. Èyí tí wọ́n gbé wá fún mi pẹ̀lú 9900 lára, bó ṣe bọ́ sí mi lọ́wọ́ ni mo ti mọ̀, ó fúyẹ́ bákan. A máa ń rí èyí tó jẹ́ pé bátìrì tíńtín ni wọ́n fi sínú agolo, tí wọ́n wá fi ìyẹ̀fun dí àyè tó kù.

Kẹ́ ẹ sì má to méjì léra o. Ìyẹn á di 8.4 volt, iná tí kọ́ìlì ń fà náà á di ìlọ́po méjì. Tí ọ̀kan nínú wọn bá gbó ju èkejì lọ, òun ni wọ́n máa fìyà jẹ.

Dúdú Ayétòrò
Oje ẹ̀ ńkọ́? Ẹnì kan sọ fún mi pé àdí àgbọn pẹ̀lú gilisaríìnì tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísìtì tó o.

Nọ́ọ̀sì Kíkẹ́
Rárá o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fa òróró kankan sínú ẹ̀dọ̀fóró, ì báà ṣe àdí, ì báà ṣe òróró ẹ̀pà. Ikùn ló mọ bó ṣe ń da òróró. Ẹ̀dọ̀fóró ò mọ̀ ọ́n, ó máa ń dá àìsàn bíi òtútù àyà sílẹ̀ ni. Ní Amẹ́ríkà, láti 2019 wọ 2020, ó lé ní 2,800 èèyàn tó dé ọsibítù nítorí fépù, 68 nínú wọn kú. Òróró fítámì E tí àwọn kan ń pò mọ́ oje igbó ni wọ́n tọ́ka sí jù. Ẹni tó pò ó náà rò pé kò sí nǹkan tó máa ṣe.

Ọ̀rọ̀ bátìrì: ẹ má sọ ọ́ sínú àpò kan náà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tàbí owó wẹ́wẹ́, òun ló máa ń jó itan àti abẹ́ èèyàn. Tó bá sì jó ẹnikẹ́ni, ẹ bọ́ aṣọ ibẹ̀ kíá tí kò bá tíì lẹ̀ mọ́ ara, ẹ fi omi tútù tó ń ṣàn bomi sí ojú ibẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ wá máa bọ̀ ní ọsibítù. Mo bẹ̀ yín, ẹ má pa ẹyin sí i, ẹ má da ògì sí i, ẹ má fi makilíìnì pa á. A máa ń kọ́kọ́ fọ gbogbo ìyẹn kúrò, kí a tó rí ojú egbò, oró ẹ̀ sì máa ń ju ti iná gan-an lọ.

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Ìgbọ́nà, tó bá jẹ́ sìgá lẹ fẹ́ fi sílẹ̀, ẹ béèrè ṣingọ́ọ̀mù nikotíìnì tàbí èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ apá ní ilé òògùn ńlá. Láti 2009 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kà wọ́n mọ́ òògùn kòṣeémánìí. Ẹ kọ́kọ́ rí dókítà tí ẹ bá ní ìfúnpá gíga.

Ìyá Ìbejì
Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ọdún mẹ́rìndínlógún, mo rí nǹkan gbọ̀ọ̀rọ̀ kan nínú báàgì ìwé ẹ̀, ó ní bírò ni. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n láṣẹ láti ta á fún un.

Nọ́ọ̀sì Kíkẹ́
Màmá, òfin tábà ti 2015 ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ta tábà fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Ẹ fi kọ bírò yẹn lórí bébà kẹ́ ẹ wò ó bóyá á kọ. Tí kò bá kọ, ẹ bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ má kọ́kọ́ mú ẹgba.

Ìyá Ìbejì
Kò kọ o. Èmi àti ẹ̀ jọ wà nínú ilé.

Ọmọ Ìgbọ́nà
Ẹ̀yin àgbà, mo ti gbọ́. Ní ti ọ̀rá, mo yẹ̀ wọ́n wò bí Bàbá Sólà ṣe ní kí n ṣe: mẹ́ta nínú mẹ́fà ló ti ya létí. Ma fi LED tuntun sínú tọ́ọ̀ṣì yẹn, kó máa bá mi tànmọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n bá múná lọ. Mo ti bèèrè ṣingọ́ọ̀mù yẹn, wọ́n ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé. Kí ni kí n wá ṣe sí àwọn bátìrì tó ti ya?

Bàbá Sólà
Má jù wọ́n sí àkìtàn, torí wọ́n máa ń sun ún. Fi sẹ́lótéèpù dí orí àti ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, tò wọ́n sínú ike, kì í ṣe agolo, kó o gbé wọn wá fún mi ní Aléku-wódò. Ẹni kan máa ń wá kó èyí tó ti bàjẹ́ lọ́dọ̀ mi. Mẹ́ta tí kò ya, gbé wọn wá náà, ma fi ẹ̀rọ wọ̀n wọ́n, ká mọ iye tó kù nínú wọn.

Dúdú Ayétòrò
Orí fépù yẹn wá ńkọ́, ẹ̀gbọ́n? Ṣé títà ni?

Ọmọ Ìgbọ́nà
Ọ̀rẹ́ mi á gbé e padà sí Èkó.