Hẹ́dífóònù tí ẹ̀yìn ẹ̀ ṣí: ṣé dandan ni ampilifáyà?

Ẹ̀yin ará mi, Adó-Èkìtì ni mo wà, orin kọ́áyà ni mo ń mix lórí laptop, owó ọwọ́ mi ò sì pọ̀. Wọ́n ní DT 990 Pro, hẹ́dífóònù Beyerdynamic tí ẹ̀yìn ẹ̀ ṣí, dáa àmọ́ kò ṣe é lò láìsí ampilifáyà, ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára, ṣé òótọ́ ni?

— Bọ̀dá mi, ẹ wo ohms ẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń dènà iná tó, kẹ́ ẹ tó sanwó o. Ti 250 ohms ni wọ́n ń sọ yẹn, tẹ́ ẹ bá kì í bọ laptop lásán ẹ ó gbé fólúùmù dókè, ó sì lè má tó. SHP9500 ti Philips, 32 ohms péré ni, fóònù gan-an gbé e.

— Òun ni mo ń lò l'Ádó yìí náà, mo ń gbọ́ báwọn alto ṣe ń mí sínú kí wọ́n tó gbé orin. Àmọ́ torí pé ẹ̀yìn ẹ̀ ṣí, ariwo jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé ń wọlé tààrà, òru ni mo fi ń ṣiṣẹ́.

— Ẹ ṣé gan-an, tòkunbọ̀ ẹ̀ ni màá wá.