Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé mo lè fi omi bọ́hóòlù yìí po wàrà ìkókó?

Ìyá Àṣàkẹ́, Kubwa
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Bọ́hóòlù kan ni gbogbo àwa ayálégbé ń lò nínú ọgbà wa. Láti ìgbà tí òjò ti ń rọ̀ lemọ́lemọ́ ni omi náà ti ń rùn díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀, inú sì ń run àwọn ọmọ ilé, wọ́n ń yàgbẹ́ gbuuru. Sókáwéè ilé kejì kò ju nǹkan bí ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí bọ́hóòlù wa. Lándílọ́ọ̀dù ní omi abẹ́ ilẹ̀ kì í lárùn, pé ṣebí ó mọ́ gaara. Ọmọ oṣù mẹ́ta wà lọ́wọ́ mi, ọmú àti wàrà alágolo ló ń mu. Mo ń se omi náà. Ṣé ó tó?

Bàbá Táíwò, Gwagwalada
Ẹ jẹ́ kó hó yaya fún ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ dé e títí yóò fi tutù. Kò sí kòkòrò tí yóò yè é. Ẹ lè kọ́kọ́ fi álọ́ọ̀mù sí i kí ẹrẹ̀ lè sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Kàdúná
Ẹ má bínú, Bàbá Táíwò, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ó kù síbì kan. Iná ń pa kòkòrò, àmọ́ kò rí kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní náítíréètì gbé ṣe. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ inú sókáwéè ló ń di náítíréètì nínú ilẹ̀, tí òjò á sì gbé e wọnú omi. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Bí ẹ bá ń se omi náà, ooru ló ń lọ, náítíréètì dúró sínú ìkòkò, ó tún wá ki sí i.

Àgbàlagbà lè mu ún kó má mọ̀ ọ́n lára. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí: ó ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ débi pé kò ní lè gbé afẹ́fẹ́ káàkiri ara, ètè àti èékánná á wá ṣú bí aró. Bẹ́ ẹ bá rí irú rẹ̀, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Àjọ WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kí náítíréètì má ju mílígíráàmù 50 nínú lítà omi kan lọ. Ẹ dákun, ẹ má fi omi yẹn po wàrà mọ́ títí wọn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ wá omi ẹ̀rọ ìjọba tó ń ti adágún omi Lower Usuma wá, tàbí píọ́wọ́tà tó ní nọ́ńbà NAFDAC, kẹ́ ẹ sì sè é. Ọmú yín kò léwu, ẹ máa fún un dáadáa.

Ọmọ Ìlọrin, Gusau
Ká má fi ojú wo omi rárá. Lọ́dún 2010, níhìn-ín ní Zamfara, òjé inú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ láti yọ wúrà pa ọmọdé tó lé ní 400. Ó wà nínú eruku, ó wà nínú ilẹ̀, ó wọnú omi. Ta ló lè fi sísè yọ òjé?

Ẹni Lábù, Zaria
Àyẹ̀wò méjì ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n ṣe. Ti kòkòrò: E. coli, kòkòrò tó ń ti inú ìgbẹ́ wá, kò gbọdọ̀ sí rárá nínú mílílítà 100. Ti kẹ́míkà: náítíréètì, irin, òjé. Lábù ni kẹ́ ẹ ti gba ìgò ti kòkòrò, ẹ má fi ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò bù ú. Ẹ bù láti ẹnu bọ́hóòlù, kẹ́ ẹ tún bù láti inú táǹkì lọ́tọ̀, nítorí ìdọ̀tí inú táǹkì nìkan lè jẹ́ ọ̀ràn. Ẹ fi ìgò náà sáàárín yìnyín, kó dé lábù lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìyá Àṣàkẹ́
Ẹ ṣé gan-an, Olúwa á máa ṣọ́ wa. Àwọn ọmọ tó ń yàgbẹ́ ńkọ́? Tí lándílọ́ọ̀dù bá sì kọ̀?

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Kàdúná
Ẹ fún wọn ní omi ORS, ìyẹn omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń fún ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru, kí wọ́n máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí tí ojú wọn bá jìn sínú, ẹ má dúró nílé.

Bàbá Táíwò, Gwagwalada
Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ dáwó jọ fún àyẹ̀wò náà. Ìwé èsì ni kẹ́ ẹ gbé síwájú lándílọ́ọ̀dù. Ó yẹ kí mítà 30, ó kéré tán, wà láàárín sókáwéè àti bọ́hóòlù, nítorí náà kó bá onílé kejì sọ̀rọ̀. Ìyàwó ọmọ mi náà ń po wàrà lọ́wọ́ báyìí, mò ń pè é lọ.