Àṣìṣe wo lẹ ti fojú ara yín rí nínú fíìmù ayé àtijọ́?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀, torí mo wà lára àwọn tó jẹ̀bi. Èmi ni mò ń bójú tó ẹrù ìṣeré nínú fíìmù kan tí ìtàn rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lọ́dún òmìnira, 1960. A háyà Morris Minor kan, ó ń dán gbinrin. A wọ ṣòkòtò penpe àti ìbọ̀sẹ̀ funfun fún akọ̀wé wa. Bàbá onílé tí a ń lo iwájú ilé rẹ̀ jókòó sórí àpótí, ó ń wò wá. Ìgbà tí ọkọ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kẹta ló pè mí.

"Ọmọ mi, ọwọ́ wo lẹ ń gbà yẹn?"

Mo ní ọwọ́ ọ̀tún ni, bàbá.

"Ní 1960? Ọwọ́ òsì là ń gbà nígbà yẹn! Oṣù kẹrin 1972 nìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wa sọ́wọ́ ọ̀tún. Wo ọkọ̀ tẹ́ ẹ gbé wá, ẹ̀gbẹ́ wo ni dírẹ́bà jókòó sí?"

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló jókòó sí. Ọkọ̀ náà ti ń jẹ́rìí lòdì sí wa láti àárọ̀!

Olùdarí ní ta ló fẹ́ mọ̀, ilẹ̀ ti ń ṣú. Bó ṣe jáde nìyẹn. Owó tí akọ̀wé fi ra àkàrà ńkọ́? Náírà ni, èyí tí a ò bẹ̀rẹ̀ sí í ná títí di 1973. Mo ní kó ká a mọ́wọ́.

—

Ẹ kú iṣẹ́ o. Tèmi ò kan ọdún rárá. Wákà-páàsì ni mí, ìjòyè kẹta láàfin, orí ni mo kàn ń mì. A ya ìdajì ìpàdé náà lọ́jọ́ Ẹtì, òjò lé wa, a parí rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Gọ̀bì mi tẹ̀ sọ́tùn-ún. Kí n tó mi orí tán, ó ti tẹ̀ sósì. Tèmi ṣì dáa. Ìjòyè tó jókòó tì mí ti lọ fá irùngbọ̀n nítorí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ó fi irùngbọ̀n sọ "Kábíyèsí", ó fi àgbọ̀n dídán sọ "o". Àwọn ọmọ mi ò yéé dá a padà sẹ́yìn.

—

Àpá abẹ́rẹ́ àjẹsára lápá olorì, nínú ìtàn tí òyìnbó ò tíì dé! Ìyẹn ló ń bí mi nínú jù, kì í ṣe gààrí tí wọ́n ń jẹ nínú irú fíìmù bẹ́ẹ̀. Tí a bá ní ká tú u dé ìdí, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ti wá, ẹ̀kọ gan-an á di ẹjọ́.

Ẹni tó bẹ̀rẹ̀, ṣé bàbá onílé wo fíìmù yẹn?

—

Ó wò ó. Èmi ni mo gbé e lọ fún un. Ó ń mirí sí wa títí ọkọ̀ fi kọjá, ó wá dákẹ́, ó ní kí n dá a padà. Ẹ wo igun apá òsì: bàbá rèé lórí àpótí, ó ń feyín ya píọ̀ wọ́tà.