Irúgbìn òdòdó tó ń padà hù lọ́dọọdún, ìgbà wo lẹ ń gbìn ín?

Ìyá Ìbejì, Leeds
Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin ará. Mo ra irúgbìn lupin àti echinacea, àwọn òdòdó tí wọ́n ní téèyàn bá gbìn ín lẹ́ẹ̀kan á máa hù padà lọ́dọọdún. Látoṣù kẹta ni mo ti gbin lupin sínú ike lójú fèrèsé, ó ti lé lọ́sẹ̀ márùn-ún, mò ń bomi rin ín láràárọ̀, kò hù. Mo tú iyẹ̀pẹ̀ wò lánàá, hóró ẹ̀ ṣì le gbagidi. Màmá mi ń bọ̀ látÌbàdàn lóṣù kẹfà ọdún tó ń bọ̀, mo fẹ́ kí iwájú ilé ti tanná kí wọ́n tó dé. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe tí ò dáa?

Bàbá Ọlọ́gbà
Ẹ pẹ̀lẹ́ ma. Èèpo lupin ló le, omi kì í tètè wọnú ẹ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sómi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ di ọjọ́ kejì, bí ẹni rẹ ẹ̀wà àkàrà. Èyí tó bá wú, ẹ gbìn ín, èyí tó ṣì kéré tó ń dán, ẹ fi sáńpépà ha ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tún un rẹ. Ìkòkò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ gbin hóró kọ̀ọ̀kan sí torí gbòǹgbò ẹ̀ máa ń lọ tààrà sísàlẹ̀, kò fẹ́ kí wọ́n máa ṣí òun kiri. Ẹ má jẹ́ káwọn ìbejì fi sẹ́nu o, ó jọ ẹ̀wà lóòótọ́ ṣùgbọ́n ó lóró.

Àdùkẹ́
Òótọ́ lẹ sọ sà. Ìyá Ìbejì, ẹ ò tíì pẹ́ rárá. Èmi ò gbìn ín lóṣù kẹta mọ́, ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé kì í tó, á kàn ga tẹ́ẹ́rẹ́ á wó ni. Oṣù karùn-ún sí ìkeje ni mò ń gbìn, ilẹ̀ ti móoru, á ti ta gbòǹgbò kí òtútù tó dé, ọdún kejì ló máa wá tanná dáadáa. Echinacea ò nílò kẹ́ ẹ rẹ ẹ́, ẹ kàn fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó fẹ́ẹ́rẹ́, tó bá rí ooru bíi 20°C á hù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta.

Ẹ jọ̀ọ́, tí ewé bá kú lóṣù kọkànlá ẹ má tu ú dànù! Mo tu tèmi lọ́dún àkọ́kọ́, mo rò pó ti kú, àfi bí mo ṣe rí gbòǹgbò ẹ̀ tó tutù yọ̀yọ̀, ọmọ ewé tuntun ti ń yọ lórí ẹ̀ bí orí abẹ́rẹ́. Ó dùn mí gan-an.

Ìyá Ìbejì, Leeds
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo rẹ ogún hóró lálẹ́ àná, méjìlá ti wú láàárọ̀ yìí. Mo ń lọ wá sáńpépà fáwọn tó kù.