Orí ń fọ́ ọmọ mi lemọ́lemọ́, SS ni. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Àbíkẹ́yìn, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin òbí. Mo mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú, ṣùgbọ́n oorun ò kun ojú mi. Àbíkẹ́yìn mi obìnrin ni, ọmọ ọdún 9, SS, ìyẹn àrùn sickle cell. Kì í ṣe egungun ríro ni mo bá wá lónìí, ìyẹn a ti mọ bí a ṣe ń ṣe é. Orí ló ń fọ́ ọ. Láti ìgbà Ojúde Ọba ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé oòrùn ni, torí a dúró pẹ́ kí àwọn ẹlẹ́ṣin tó kọjá tán. Mo fún un lómi, mo tẹ́ ẹ sùn. Ọjọ́ kejì orí ṣì ń fọ́. Ó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó di oṣù kejì. Oṣù kẹrin rèé.

Mo ti gbé e lọ sí ọsibítù kan níbí lẹ́ẹ̀mẹta. Ibà ni wọ́n ń pè é ní gbogbo ìgbà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sí láàbù. A ó lo oògùn ibà tán, yóò rọlẹ̀ fún ọjọ́ méjì, yóò tún padà. Ẹnì kan níbẹ̀ wá sọ pé ilé-ìwé ni kò fẹ́ lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Ọmọ tó ń sunkún bí mo bá ní kó jókòó sílé!

Ó ń lo folic acid àti Paludrine rẹ̀, oògùn tó ń dènà ibà, lójoojúmọ́. Bí ara rẹ̀ bá dá, PCV rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, máa ń wà ní 24. Pàrásítámọ́ọ̀lù ni mo ń fún un fún orí náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ojoojúmọ́ báyìí. Ìyá ọkọ mi ní túúlu ni, kí n wá àgbo. Mi ò mọ èyí tí mo máa mú. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí sí i?

Bàbá Ìbejì, Ìpẹru

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Àbíkẹ́yìn. Ẹ ti yẹ ojú rẹ̀ wò? Táíwò mi ni SS, Kẹ́hìndé AS ni. Lọ́dún tó kọjá, bí Táíwò bá ti ti ilé-ìwé dé, á di orí mú. Tíṣà rẹ̀ ló ta wá lólobó pé inú ìwé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ti ń wo ohun tí wọ́n kọ sójú bọ́ọ̀dù. Wọ́n fún un ní awò, kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí orí fífọ́ náà fi lọ. Bó bá jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ ni ti ọmọ yín máa ń le, ojú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí kò bá tiẹ̀ jẹ́ ojú, bó bá ti pé ọmọ ọdún 10, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wo ẹ̀yìn ẹyinjú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ SS máa ń dí àwọn iṣan wẹ́wẹ́ ibẹ̀ láìjẹ́ pé ojú ń dun ọmọ rárá.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ìyá ọkọ yín ò parọ́. Túúlu ṣe èmi náà ní kékeré, ewé ni ìyá mi fi wò mí sàn. Mo mọ obìnrin kan tó ń se àgbo orí, mo lè bá yín gbà á lọ́jọ́ ọjà. Ẹ sì fi àdúrà kún un, ayé le.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọdún 32 ni mo fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì, wọ́ọ̀dù ọmọdé ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Ìyá Àbíkẹ́yìn, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tí kì í dúró di ilẹ̀ mọ́. Bí orí bá ṣàdédé fọ́ ọ lọ́nà tí kò fọ́ ọ rí, bí ẹnu bá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kan bá rọ, bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, bí gìrì bá gbé e, bó bá ń bì ṣáá láràárọ̀, bí ara bá gbóná tí ọrùn sì le gbagidi, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ńlá lóru ọjọ́ náà. Ẹ má dúró bi wá léèrè níbí.

Bí kò bá sí ìkankan nínú ìyẹn, a ráyè rò ó. Ẹ dá mi lóhùn. Ìgbà wo gan-an ni orí náà máa ń bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó máa ń jí bá a ni, àbí ó máa ń dé lọ́sàn-án? Báwo ló ṣe ń sùn? Ṣé ó ń hanrun, ṣé ó ń tọ̀ sílé? Wọ́n ti wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rí? Wọ́n ti ṣe TCD fún un, àyẹ̀wò bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré lọ sínú ọpọlọ? Pàrásítámọ́ọ̀lù yẹn ńkọ́, ọjọ́ mélòó lẹ fi lò ó lóṣù tó kọjá? Ẹ wá ìwé kékeré kan, kẹ́ ẹ máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú aago. Dókítà tó bá rí ìwé náà kò ní lè pè é ní ibà kó sì dákẹ́.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, ẹ má bínú sí mi. Mi ò bá ewé jà, ewé ni wọ́n fi tọ́ èmi náà. Ṣùgbọ́n kíndìnrín ọmọ SS ò lágbára tó ti ẹlòmíì, a ò sì mọ ohun tó wà nínú ìgò àgbo tàbí bó ṣe pọ̀ tó. Mo ti gba ọmọ kan sí wọ́ọ̀dù lẹ́yìn ìgò méjì péré, tí ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè.

Ìyá Ìdòwú, Ṣàgámù

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná, àyà mi ń já. Mi ò fẹ́ dẹ́rù bà yín, ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́, mi ò ṣe yín lóore.

Ọmọ ọdún 6 ni Ìdòwú nígbà náà. Orí ti ń fọ́ ọ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Láàárọ̀ Jímọ́ kan, ó jókòó ti ògì àti àkàrà rẹ̀. Síbí bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Mo ní kó mú un. Ó nawọ́, ọwọ́ ò débẹ̀. Ó tún nà án, ó wá ń wo ọwọ́ náà bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíì. Ògì ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀, kò mọ̀. Rọpárọsẹ̀ ni. Kó tó dọjọ́ yẹn, mi ò mọ̀ pé ó ń ṣe ọmọdé.

Ní ọsibítù ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ TCD. Kò sí abẹ́rẹ́ nínú rẹ̀, kò dunni. Wọ́n á fi jẹ́lì díẹ̀ pa ẹ̀bátí ọmọ, wọ́n á gbé nǹkan bí máíkì kékeré lé e, ẹ ó máa gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré lọ sínú ọpọlọ. Bí eré rẹ̀ ò bá tó 170 sẹ̀ǹtímítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó dáa. Láti 170 dé 199, wọ́n á ní kẹ́ ẹ tètè padà wá. Bó bá ti tó 200, iṣan ti ń há. Láti ọmọ ọdún 2 sí 16 ló yẹ kí ọmọ SS máa ṣe é lọ́dọọdún. Ìdí-Àràbà ni mo ti máa ń ṣe é fún un, ní Sickle Cell Foundation tó wà nítòsí LUTH, ní Èkó.

Ìdòwú ti ń rìn, ó ń kàwé, ọwọ́ òsì ló fi ń kọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ìkẹ́nnẹ́

Ọlọ́run yóò máa wo Ìdòwú. Kí ẹ̀yin tó kù lè mọ̀ pé kì í ṣe àyẹ̀wò lásán: wọ́n ṣe ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, èsì rẹ̀ jáde ní 1998. Ọmọ 130 tí TCD wọn ti ga ni wọ́n pín sọ́nà méjì. Nínú àwọn 63 tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí lára déédéé, ẹyọ kan ni rọpárọsẹ̀ mú. Nínú àwọn 67 tí wọn ò fa ẹ̀jẹ̀ sí lára bẹ́ẹ̀, 11 ni. Níbi tí fífa ẹ̀jẹ̀ síni lára lóṣooṣù bá ti ṣòro, oògùn hydroxyurea ni wọ́n ń lò, ní Kánò àti Kàdúná níbí ni wọ́n ti ṣe èyí tó pọ̀ nínú ìwádìí ìyẹn.

Síbẹ̀, Ìyá Àbíkẹ́yìn, ọ̀pọ̀ ọmọ SS tí orí ń fọ́ ni TCD wọn dáa. Ẹ ṣe é, àmọ́ ẹ má dúró síbẹ̀. Mo ṣì ń retí ìdáhùn yín.

Tíṣà, Agọ́-Ìwòyè

Èmi fúnra mi ni SS, mo ti pé ọmọ ọdún 34. Ẹ gbà mí láàyè kí n sọ ti ọmọ. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé-ìwé wa nígbà náà, mi ò lè fẹsẹ̀ wọ̀ ọ́. Àwa SS sì máa ń tọ̀ púpọ̀, torí kíndìnrín wa ò lè di omi mú. Mo wá dá a lọ́gbọ́n pé mi ò ní fomi kan ẹnu láti aago méje àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán. Ojoojúmọ́ ni orí ń fọ́ mi. Kò sẹ́ni tó bi mí, ojú sì ń tì mí láti sọ. Ẹ gbé ìgò omi rẹ̀ wò bó bá dé láti ilé-ìwé, kẹ́ ẹ sì fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í.

Ìyá Àbíkẹ́yìn, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú àdúrótì, gbogbo yín. Ìyá Ìdòwú, mo sunkún nídìí ọ̀rọ̀ yín.

Tíṣà, ìgò náà kún bó ṣe kún láàárọ̀. Ohun tẹ́ ẹ sọ gẹ́lẹ́ ló sọ fún mi, pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń rùn, pé ilẹ̀kùn ò ní kọ́kọ́rọ́. Mo ti lọ bá ọ̀gá wọn. Ó ti ní kó máa lo ti àwọn tíṣà.

Màmá Nọ́ọ̀sì, mo dìídì jí lóru àná. Aago méjì ti kọjá díẹ̀. Iná ò sí, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo tàn sára ògiri kí ìmọ́lẹ̀ má bàa bá a lójú. Ó gbé àgbọ̀n sókè, ọrùn rẹ̀ nà sẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń hanrun bí bàbá rẹ̀. Lójijì, ó dákẹ́. Àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ èémí kankan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà: ení, èjì, ẹ̀ta. Mo kà dé méjìlá. Ó ta gìrì, ó fa èémí kan bí ẹni tó yọrí lódò, ó yíra padà, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo kà á kí aago mẹ́ta tó lù. Láti ìgbà tí mo ti bí i ni mo ti ń tẹ́ ẹ sùn, tí mò ń sọ fún àwọn èèyàn pé oorun rẹ̀ dùn.

Ó tọ̀ sílé. Bó ṣe jí, orí ń fọ́ ọ níwájú, lókè ojú méjèèjì. Nígbà tó fi máa di aago mọ́kànlá, ó ti lọ. Mo wo káńlẹ́ńdà, ọjọ́ 23 ni mo fún un ní pàrásítámọ́ọ̀lù lóṣù tó kọjá.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ìkẹ́nnẹ́

Ọmọ mi, ẹ ti bá a dé ibi tó wà. Títọ̀ sílé nìkan kì bá má jẹ́ nǹkan, ọ̀pọ̀ ọmọ SS ló ń tọ̀ sílé. Ṣùgbọ́n ẹ fi í pọ̀ mọ́ híhanrun, mọ́ èémí tó ń dá, mọ́ orí tó ń jí bá a tó sì ń lọ bí ọjọ́ bá ti ń gòkè. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ló ń dí bó bá sùn. Afẹ́fẹ́ burúkú tó yẹ kó mí síta á kó jọ sí i lára, iṣan orí á fẹ̀, orí á fọ́. Afẹ́fẹ́ rere á sì dín kù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ohun tó sì ń mú ẹ̀jẹ̀ SS tẹ̀ bí dòjé nìyẹn. Ẹ kò lè fi ọmọ SS sílẹ̀ báyìí.

Lálẹ́ òní, ẹ fi fóònù yà á bó ṣe ń sùn, ìṣẹ́jú mẹ́ta tó. Ẹ gbé fídíò náà àti ìwé yín lọ sọ́dọ̀ dókítà etí, imú àti ọ̀fun. Ọsibítù Tí-íṣìn tó wà ní Ṣàgámù sún mọ́ yín. Bí ẹnikẹ́ni bá tún ní ibà ni, ẹ kọ́kọ́ fi fídíò hàn án.

Ti pàrásítámọ́ọ̀lù, ẹ dín in kù. Oògùn orí tí èèyàn bá ń lò fún ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, bó bá ti tó oṣù mẹ́ta, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bí orí fífọ́. Bẹ́ ẹ bá dín in kù, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lè le. Ẹ fara dà á pẹ̀lú rẹ̀. Aspirin ńkọ́, rárá, ẹ má fún ọmọdé.

Bàbá Ìbejì, Ìpẹru

Ẹ jẹ́ n mọ ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ Ṣàgámù. Mo lè fi mọ́tò gbé yín padà.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, Ìjẹ̀bú-Igbó

Mo ka ibi tẹ́ ẹ ti ń ka èémí rẹ̀, mo gbé ọwọ́ lérí. Ẹ fi ti àgbo sílẹ̀ ná.

Ìyá Àbíkẹ́yìn, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti kọjá, mo ní kí n má jẹ yín ní gbèsè ìròyìn.

A ti lọ Ìdí-Àràbà. TCD rẹ̀ jẹ́ 148. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, mi ò lè dìde fún ìgbà díẹ̀. Ìfúnpá rẹ̀ dáa, ojú rẹ̀ náà dáa.

Dókítà ọ̀fun wo fídíò náà lẹ́ẹ̀mejì kó tó fọwọ́ kan ọmọ. Ó ya fọ́tò ọrùn rẹ̀. Ẹran kan ti wú lẹ́yìn imú rẹ̀, àwọn kókó méjì inú ọ̀fun náà tóbi débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Wọ́n há ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ọn níka, a sì sùn síbẹ̀ mọ́jú. Bó bá lajú, 95 ni afẹ́fẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bó bá sùn, ó máa ń já sí 82. Wọ́n máa yọ ẹran náà. Wọ́n ní àwọn máa kọ́kọ́ fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára kí PCV rẹ̀ lè tó nǹkan bí 30, wọ́n á sì fi omi sí i lára láti alẹ́ àná ọjọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí a dín pàrásítámọ́ọ̀lù kù le lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lóṣù yìí, pẹ̀lú omi tó ń mu dáadáa, ọjọ́ 11 ni orí fọ́ ọ. Èyí tó kù ṣì ń jí bá a láàárọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ yìí la máa wọlé fún iṣẹ́ abẹ. Kí ni kí n dì dání? Ẹ̀rù ń bà mí.

Ìyá Ìdòwú, Ṣàgámù

Ẹ mú ibọ̀sẹ̀ méjì, fìlà, àti bùláńkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ láti ilé. Yàrá iṣẹ́ abẹ máa ń tutù nini, òtútù sì lè fa egungun ríro. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kí wọ́n bò ó lẹ́sẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wọlé, kì í ṣe lẹ́yìn. Màá wà níbẹ̀ láti aago mẹ́fà àárọ̀, itòsí ilé mi ni.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ta ló máa fún un lẹ́jẹ̀? Àkọ́bí mi ọkùnrin, AA ni, ara rẹ̀ le, ó sì ti fún èèyàn lẹ́jẹ̀ rí. Mo ti bá a sọ ọ́. Ẹ fi ọjọ́ tí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ránṣẹ́ sí mi, èmi fúnra mi ni màá mú un wá.