Ọ̀nà wo ni module lè gbà mọ ètò òǹkà iṣẹ́ inú CPU?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mò ń kọ module kan (ètò kékeré tí a ń fi kún kernel, ìyẹn ọkàn Linux) fún Linux lórí x86 (ìdílé CPU kan), ó sì gbọ́dọ̀ mọ iye òǹkà iṣẹ́ tí CPU ní, ìyẹn àwọn òǹkà tó ń ka ìṣẹ̀lẹ̀ inú CPU. Inú register 0x186 (àyè kékeré inú CPU tó ń sọ ohun tí òǹkà yóò kà) ni mò ń kọ ètò mi sí tààrà, mo sì ń ka èsì ní 0xC1. Àmọ́ nígbà tí ẹlòmíràn ṣe `perf record -e cache-misses -c 100000` lórí ẹ̀rọ náà (perf ni irinṣẹ́ Linux tó ń lo àwọn òǹkà yìí), iye tí mò ń kà fò láti ẹgbẹ̀rún díẹ̀ dé 281,474,976,610,700. Mo fẹ́ fi EXPORT_SYMBOL_GPL (àmì tó ń jẹ́ kí module lè lo nǹkan inú kernel) sí x86_pmu, ibi tí kernel ń kọ àlàyé òǹkà CPU sí, kí n lè máa wo inú rẹ̀. Ṣé ó bójú mu?

Ìdáhùn kìíní

Rárá o. Iye tí ẹ rí yẹn kì í ṣe àṣìṣe: perf kì í bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ńṣe ló yọ 100,000 kúrò nínú 2^48 tó sì fi ìyókù síbẹ̀, kí òǹkà náà lè kún àkúnwọ́sílẹ̀ nígbà tí ìṣẹ̀lẹ̀ 100,000 bá pé gẹ́lẹ́. Ẹ̀yin àti perf dà bí àgbẹ̀ méjì tó ń gbin nǹkan sórí ebè kan ṣoṣo láìmọ̀ra wọn. x86_pmu kò lè là yín níjà, nítorí ohun tí CPU ní ló wà nínú rẹ̀. Àkọsílẹ̀ perf tó ń jẹ́ cpu_hw_events, ti CPU kọ̀ọ̀kan, ló mọ ẹni tó ń lo òǹkà lọ́wọ́. Ẹ pe perf_get_x86_pmu_capability, yóò fún yín ní ẹ̀dà iye òǹkà àti bí bit wọn ṣe pọ̀ tó. Tí ẹ bá wá fẹ́ òǹkà gan-an, ẹ fi perf_event_create_kernel_counter tọrọ rẹ̀.

Ìdáhùn kejì

Bí KVM (apá kernel tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ àfarawé, ìyẹn àlejò, ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ gidi, ìyẹn olùgbàlejò) náà ṣe ń ṣe é nìyẹn. perf_guest_get_msrs ló ń fún un ní àwọn register tó yẹ kó pààrọ̀, irú bíi 0x38F, pẹ̀lú iye ti olùgbàlejò àti iye ti àlejò, KVM kò sì ní í tú inú perf wò rárá. Ẹ rántí pé watchdog (apá kernel tó ń ṣọ́ bóyá CPU ti há) lè ti gba òǹkà kan lórí CPU kọ̀ọ̀kan; nmi_watchdog=0 ló ń dá a dúró.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun, mo ti tún un kọ. Iye náà kò fò mọ́, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, perf_event_read_value máa ń sọ pé running (àkókò tí òǹkà fi ń kà gan-an) kéré sí enabled (àkókò tí a fi ní kó máa kà).

Ìdáhùn kìíní

Ó túmọ̀ sí pé perf ń fi òǹkà náà ṣe pàṣípààrọ̀ láàárín ẹ̀yin àti àwọn mìíràn. Ẹ fi attr.pinned (tó ní kí òǹkà náà jẹ́ tiyín nìkan) sí 1, kí ẹ sì múra sílẹ̀ fún ọjọ́ tí kò ní sí àyè, nítorí ipò àṣìṣe ni yóò bọ́ sí lọ́jọ́ náà.