Mo ń wá ẹni tí yóò máa bá mi fi èdè Faransé jiyàn
Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè Faransé dáadáa, mo kí yín o. Yábàá ni mo ń gbé, ìdánwò ìmọ̀ èdè Faransé tí wọ́n ń pè ní DELF, ìpele B2, ni mo sì ń múra sílẹ̀ fún, èyí tí apá ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ń fún ènìyàn ní ìṣẹ́jú 30 láti fi ka àyọkà kúkúrú kan, kí ó tó wá gbèjà èrò rẹ̀ níwájú àwọn olùdánniwò. Kíkà kò dà mí láàmú; bí wọ́n bá ti já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu ni Faransé mi máa ń dákẹ́. Àwọn ará Kútọnu wà ní àdúgbò wa, ṣùgbọ́n Yorùbá ni wọ́n máa ń fi dá mi lóhùn (tiwọn tilẹ̀ já gaara ju tèmi lọ). Ǹjẹ́ ẹ mọ olùkọ́ tàbí ẹgbẹ́ alábàásọ̀rọ̀ kan ní Yábàá tàbí Sùúrùlérè?